Àwòrán Ojú Títì àti Ààbò Ẹlẹ́sẹ̀

Àwòrán ojú títì ni iṣẹ́ ọnà tí àwọn ènìyàn fi ọ̀dà aláràbarà yà sí orí títì gan-an, ní àárín oríta tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá. Ẹwà nìkan kọ́ ni a fi ń wá. Títì tó fẹ̀, tó sì ṣófo, a máa ti awakọ̀ sí eré àsápajúdé, nítorí ohun tó rí níwájú kò sọ fún un pé ẹlòmíràn ní ìpín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ṣàdédé bá àwòrán pàdé, yóò fura pé àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni òun wọ̀, yóò sì rọra.

Ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára ibi tí iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ lókìkí. Ní nǹkan bí ọdún 1996, àwọn ará àdúgbò Sellwood, pẹ̀lú ayàwòrán-ilé kan tí ń jẹ́ Mark Lakeman, kun oríta wọn, wọ́n sì gbé ibi mímu tíì tí ẹnikẹ́ni lè yà sí, àpótí ìwé àti ilé ìṣeré kékeré fún àwọn ọmọdé sí igun rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó títì kọ́kọ́ tako wọn, pé ohun ìní gbogbo ìlú ni títì, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú padà ṣe òfin tó fàyè gbà á, bí àwọn tí ilé wọn yí oríta ká bá ti fọwọ́ sí i. Láti ibẹ̀ ni City Repair, ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti gbòòrò, tí àwọn ará àdúgbò Sunnyside náà fi ya òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè sí oríta tiwọn ní 2001.

Táyà àti òjò a máa pa ọ̀dà rẹ́, àwọn kan sì ka èyí sí àléébù. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ gan-an ni èrè iṣẹ́ náà wà, nítorí pé ó ń mú kí àwọn aládùúgbò tún jáde wá ṣe ọ̀wẹ̀: wọ́n á jọ yan àwòrán, wọ́n á kan ilẹ̀kùn kiri gba ìfọwọ́sí, wọ́n á gba àṣẹ láti dí títì fún ọjọ́ kan, tọmọdé tàgbà á sì mú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kun títì pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kò ní fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀rí wà fún ọ̀rọ̀ ààbò pẹ̀lú. Ìwádìí tí àjọ Bloomberg Philanthropies gbé jáde ní 2022 fi àkọsílẹ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ojúkò 17 ní Amẹ́ríkà, ṣáájú àwòrán àti lẹ́yìn rẹ̀, wéra: ìjàm̀bá tó kan ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn mìíràn tí kò sí nínú ọkọ̀ dín kù ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ṣe ènìyàn léṣe sì dín kù ní ìdá 37. Ní ojúkò márùn-ún tí wọ́n ti ṣọ́ ìwà àwọn ènìyàn, awakọ̀ tó ń dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ sí i ní ìdá 27. Ojúkò 17 kò pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀dà rọ́pò iná ojú títì, ṣùgbọ́n èso náà tó ohun tí ìjọba ìlú ń ná owó lé.

Iṣẹ́ yìí ní ìlànà tirẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n po èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ̀dà náà, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì bo ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń tẹ̀lé, nítorí ìdí yìí ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òpópónà fi kọminú sí àwòrán láàárín ìlà náà. Ọ̀rọ̀ àwọn afọ́jú tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pá wọn kò lè mọ àwọ̀, àwòrán tó dí jù sì lè da ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa láàmú. Ó yẹ kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà níkàlẹ̀ nígbà tí àdúgbò bá ń yan àwòrán, kí etí ibi ìsọdá sì ga díẹ̀ tàbí kí ó rí gbágungbàgun, kí ọ̀pá lè bá a.