Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Kò Gba Omi: Ohun Tí A Lè Yẹ̀wò Kí A Tó Náwó

Láti ìgbà tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa ti ń bá ọmọ ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ láwìn, ẹjọ́ kan ló ń wá sí ọ́fíìsì jù: "Ẹ̀rọ mi ń kùn, ṣùgbọ́n kò gba omi." Ìyá kan láàrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ pa iṣẹ́ tì fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí èyí. Aṣọ oníbàárà ń rùn nínú agbọ̀n, owó tí à ń yọ lóṣooṣù kò sì dúró dè é. Ẹni tó kọ́kọ́ pè ní fáàfù ló bàjẹ́, ó gbowó, a ò sì rí i mọ́. Nígbà tí ẹlòmíràn tú rọ́bà omi, iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà kò tó ṣíbí kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé ẹ̀rọ ń fa omi. Kò fa nǹkan kan o! Agbára omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í wọlé. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kò ju kó ṣílẹ̀kùn lọ: fáàfù kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí rọ́bà omi ti wọlé, iná ló sì ń ṣí i. Bí omi bá ti tó, iná á kúrò lára fáàfù, á sì pa dé. Nítorí náà, bí omi kò bá wọlé, a jẹ́ pé omi ò dé ẹnu ọ̀nà, tàbí ọ̀nà dí, tàbí ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ẹ má bínú tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn jù. Ṣé tápù ṣí dáadáa? Ṣé kì í ṣe pé a ti ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri tó fi tẹ rọ́bà pa? Onílẹ̀kùn iwájú kò ní gba omi rárá bí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá dé kó dún "kà". Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ ẹjọ́ wọn sójú: LG á kọ IE, Samsung á kọ 4E tàbí 4C. Omi tí kò wọlé bó ṣe yẹ ni wọ́n ń sọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oníhò méjì tí a ń fi garawa bu omi sí, ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín.)

Táńkì gan-an ló ń dá wa láàmú jù. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tàbí ìwé rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.05–0.8 MPa. Nọ́ńbà tó kéré nínú méjèèjì ni kí ẹ mú. Táńkì tó fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ ló ń fún omi ní agbára 0.1 MPa, 0.05 sì ń béèrè mítà 5. Táńkì tí a gbé ka orí bulọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́yìn ilé kò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Omi lè máa dà dáadáa nínú bẹ́síìnì kó sì má lágbára tó láti ṣí fáàfù. Ẹ tú rọ́bà kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ garawa lítà 10, kí ẹ ṣí tápù. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 2 lọ kó tó kún, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí fura. Ẹ gbé táńkì ga sí i, tàbí kí ẹ fi póńpù kékeré ti omi lẹ́yìn.

Bí omi garawa bá yá, asẹ́ ló kàn. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ ti tápù, ẹ tú rọ́bà. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu fáàfù. Ẹ rọra fi ẹ̀mú fà á jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà. Ẹni tó ń lo omi bóòhòlù tàbí páìpù tó ti dípẹtà, kó máa ṣe é lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ nù kí omi lè yára wọlé. Èmi ò fara mọ́ ọn. Iyanrìn á wọ inú fáàfù, kò ní lè pa dé mọ́, ilé á sì kún fún omi lóru.

Bí ẹ̀rọ bá ní ẹnu omi méjì, tútù àti gbígbóná, tó sì jẹ́ tútù nìkan la so, ẹ má tẹ "Hot", torí omi kankan ò ní wá. Bí omi bá ń wọlé àmọ́ tí kò dúró, ẹ wo rọ́bà tó ń da omi ìdọ̀tí nù. Bí ó bá sùn sílẹ̀, omi á máa gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ gbé e kọ́ sókè, bíi sẹ̀ńtímítà 60 sí 100 láti ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó kan iná. Iná 220 sí 240 ni wọ́n ṣe fáàfù náà fún. Bí iná bá wálẹ̀ sí 150, ó lè máa kùn láìṣí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí iná bá dára. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sára súìsì tó ń wọn omi. Bí ọṣẹ tó dì bá dí i, ẹ̀rọ á rò pé òun ti yó. Ìyẹn ti di ti oníṣẹ́.

Bí oníṣẹ́ bá wá ní fáàfù ló kú, ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò lára iná, kó fi mítà wọn ọ́n lójú yín. Èyí tó wà láàyè sábà máa ń fi nǹkan bíi 3,000 sí 5,000 ohms hàn. Bí mítà kò bá dá nǹkan kan lóhùn, òótọ́ ló ń sọ. Kí ẹ tó sanwó tuntun, kó gbé ti àtijọ́ lé yín lọ́wọ́.