Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìyàwó ní Petukangan

Báńgà ló kọ́kọ́ kéde àwọn ará ọkọ. Kí a tó rí ọkọ ìyàwó, èéfín báńgà ti gba gbogbo òpópó tóóró yìí ní Petukangan, níhà gúúsù Jakarta. Ẹ̀yìn èéfín ni ìlù rebana àti orin àsàlátù ti jáde, àwọn obìnrin sì gbé búrẹ́dì gbọọrọ tí wọ́n mọ ní àwòrán ọ̀nì. Ìgbéyàwó àwọn Betawi ni, àwọn Mùsùlùmí tó ti wà ní Jakarta kí èrò òde òní tó ya dé.

Àwọn ará ọkọ ò wọlé bọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan láti ilé ìyàwó, tó wọ pangsi dúdú, aṣọ àwọn oníjà, dí ẹnu ọ̀nà pa. Palang pintu nìyẹn. Ó fi ewì pe àwọn àlejò níjà, agbẹnusọ tiwọn náà dá a lóhùn, ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu, ó kan ọwọ́.

Ibí ni kí ẹ ti lajú. Ọkùnrin náà ya ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó dúró bí ẹni tó wà lórí ẹṣin. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀: gbì! Kò fò, kò sì yí alátakò rẹ̀ láti ilé ọkọ ká. Tààrà ló wọlé tọ̀ ọ́, ó sún mọ́ ọn débi pé igúnpá ló kù tó wúlò. Bó bá sì na ìkúùkù, inú ọwọ́ ló ń kọjú sókè. Ẹni tó bá ti rí silek, ìjà àwọn Minangkabau ní Sumatra, tó máa ń rọra rìn ká, yóò mọ̀ pé ìran mìíràn nìyí. Beksi ni wọ́n ń pe irú ìjà yìí.

Àwọn tó ń kọ́ni ní Beksi kì í fi orísun rẹ̀ pamọ́. Ìtàn tí wọ́n jogún ni pé Lie Cheng Oek, ọmọ Ṣáínà kan ní Dadap, létí òkun Tangerang, ló kọ́ Marhali ní ìjà náà. Haji Gozali gbà á lọ́wọ́ Marhali, òun ló sì gbé e dé Petukangan. Irú rẹ̀ wà ní Bogor pẹ̀lú: níbẹ̀ ni Subur Rahardja, tí orúkọ Ṣáínà rẹ̀ ń jẹ́ Lim Sin Tjoei, ti dá ẹgbẹ́ oníjà Bangau Putih sílẹ̀ ní 1952. Rendra, akéwì ńlá ará Indonesia nì, kọ́ ìjà lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí. Ní 1967, ìjọba Suharto pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Ṣáínà máa ṣe ẹ̀sìn àti àṣà wọn nínú ilé, kí wọ́n má gbé e síta. Ó dìgbà tí Ààrẹ Abdurrahman Wahid fagi lé àṣẹ náà ní 2000 kó tó dópin. Àmọ́ ìdúró ẹlẹ́ṣin yìí kò kúrò lójú títì, torí ó ti di ogún àwọn Mùsùlùmí. Mélòó nínú àwọn ọlọ́pàá ìgbà náà ni kò ní pàtẹ́wọ́ fún un níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn?

Ká padà sẹ́nu ọ̀nà: oníjà ọkọ ìyàwó ló borí. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n hó yèè. Ẹnìkan ké Kùránì, ìdánwò ìkẹyìn, ọ̀nà ṣí. Nínú ilé, àwọn olórin gambang kromong, orin àwọn Betawi, ti ń ta tehyan, gòjé olókùn méjì tó ti Ṣáínà wá. Ẹni tí wọ́n lù lulẹ̀ sì ti dé ìdí oúnjẹ ṣáájú gbogbo wa.