Táìlì Ilé Ìdáná ní Libreville: Ohun Tó Yẹ Ilẹ̀ àti Ohun Tó Yẹ Ògiri

Libreville, olú ìlú Gabon, wà létí omi, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún sì máa ń ju 2,500 mílímítà lọ. Kódà láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án tí òjò bá dáwọ́ dúró, ojú ọ̀run a máa ṣú, ọ̀rinrin kì í sì í tán nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe níbẹ̀ ní láti fi ọ̀rọ̀ omi ṣáájú ọ̀rọ̀ àwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídán táìlì ló máa ń kọ́kọ́ wọ oníbàárà lójú.

Amọ̀ sísun ni ọ̀pọ̀ táìlì tí wọ́n ń tà, ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí amọ̀ náà ṣe kì tó àti bí iná tó sun ún ṣe gbóná tó. Èyí tó kì jù lọ ni wọ́n ń pè ní grès cérame ní èdè Faransé, ìlànà àgbáyé sì là á sílẹ̀ pé omi tí yóò fà mu kò gbọdọ̀ ju ìdajì gíráàmù lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí táìlì ògiri lásán lè mu ju gíráàmù mẹ́wàá lọ. Bí kò bá sí àkọlé lára páálí, kí olùrajà kán omi sí ẹ̀yìn táìlì, níbi tí wọn kò fi èròjà dídán bò; bí amọ̀ bá fà á mu kíá, tí ojú ibẹ̀ sì ṣú, ògiri ni ó yẹ, kì í ṣe ilẹ̀.

Lára páálí àwọn táìlì kan tó bá ìlànà ilẹ̀ Faransé mu, lẹ́tà mẹ́rin tún wà, UPEC, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan: U ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè fara da ẹsẹ̀ láìhó, P ń sọ bó ṣe lè gba ẹrù wúwo àti ohun tó já bọ́, E dúró fún omi, C sì dúró fún ọṣẹ, ohun kíkan àti kẹ́míkà, bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni táìlì ṣe lágbára tó. Lẹ́tà P kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ nínú ilé tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ déédéé, tí wọ́n sì ń pọn omi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, nítorí dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 tó kún á wúwo ju 200 kílógíráàmù lọ, orí táìlì mélòó kan péré ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé. (Àwọn tó tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, iṣẹ́ tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ ìgbà Ọọ̀ni Lúwòó, ti ronú kan irú èyí: lóòró ni wọ́n to àpáàdì náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gba ẹsẹ̀, kò sì tètè jẹ.)

Táìlì tó ń dán bíi dígí léwu nílẹ̀ tí omi àti epo bá ti kán sí i. Lẹ́tà R, tó bẹ̀rẹ̀ láti R9 títí dé R13, ló ń sọ bí táìlì ṣe ń di ẹsẹ̀ mú. R10 tó fún ilé ìdáná inú ilé, nítorí èyí tó bá le koko ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa di ìdọ̀tí mọ́ra, fífọ̀ rẹ̀ a sì di wàhálà.

Ní ti ògiri ẹ̀yìn sítóòfù àti ibi ìfọwọ́, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí kò sẹ́ni tó ń tẹ ògiri mọ́lẹ̀. Táìlì olówó pọ́ọ́kú tó mu omi lẹ́yìn ṣùgbọ́n tó ń dán lójú ti tó, dídán náà ló sì ń jẹ́ kí aṣọ tútù lè nù ún mọ́. Ibi tí ewu wà ni àlàfo àárín táìlì, tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì dí. Bí nyembwe, ọbẹ̀ ẹyìn tí àwọn ará Gabon fẹ́ràn, bá ta sí sìmẹ́ńtì funfun, àwọ̀ pupa rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò mọ́. Nítorí náà, táìlì wẹ́wẹ́ tó rẹwà, tó kún fún àlàfo, kò bọ́gbọ́n mu lẹ́yìn iná, àfi bí onílé bá ṣe tán láti ra èròjà epoxy, tí kì í mu epo ṣùgbọ́n tó wọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ, tó sì ń tètè gan mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àfikún bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún èyí tí wọn yóò gé tàbí tí yóò fọ́, kí nọ́ńbà àwọ̀ àti ti ìwọ̀n lára gbogbo páálí sì bára mu, torí ẹrù mìíràn tó bá gúnlẹ̀ sí Owendo, èbúté tó wà lẹ́bàá Libreville, lè yàtọ̀ díẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí oníṣẹ́ má ṣe kàn lẹ èròjà tó ń mú táìlì lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìṣù márùn-ún sí ẹ̀yìn táìlì, nítorí ibi òfìfo abẹ́ rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù yóò ti là á. Kí ó tẹ́ ẹ káàkiri, kí ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí iṣẹ́ rẹ̀ kan orí táìlì kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo di gbígbé, kí ó tún un lẹ̀ kí èròjà tó gan.