Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ilé yíyá gbé ní Tchaada

Tchaada jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́fà tí ó para pọ̀ di kọ́mùnù Ìfọ̀nyìn (Ifangni), ní ẹkùn Plateau, nítòsí ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ẹni tí ń gbé agbo ilé bàbá rẹ̀ kì í san owó ilé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a gbé wá láti ibòmíràn, oníṣòwò ẹnu ibodè, àti ọ̀dọ́ Tchaada tí ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu lè bá ìwé tí a fi èdè Faransé kọ pàdé. Àwọn tí ó ti gbé Ìdíìrókò tàbí Èkó rí tún ń mú «rẹ́ǹtì» àti «àgírímẹ́ǹtì» bọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dájú.

1. Àwọn ènìyàn

«Bailleur» ni onílé. «Locataire» ni ayálégbé. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ṣàlàyé ara rẹ̀: ohun tí a yá ni, olóhun yóò sì gbà á padà lọ́jọ́ kan. «Démarcheur» tí ń wá yàrá fún ni ni alágbàtà. Owó tí alágbàtà gbà kì í ṣe owó ilé rárá.

2. Owó àsansílẹ̀ àti owó ìdógò

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń náni lówó jù lọ. Àwọn ènìyàn a máa pe gbogbo owó tí a san kí a tó gba kọ́kọ́rọ́ ní «avance». Bẹ́ẹ̀ owó méjì lè wà nínú rẹ̀.

Èkíní ni «avance» gan-an, èyíinì ni owó àsansílẹ̀: owó oṣù tí ń bọ̀ ni a ti san sílẹ̀. Bí oṣù náà bá ti kọjá, owó náà ti tán.

Èkejì ni «caution». Èyí wà lọ́wọ́ onílé títí ayálégbé yóò fi kó jáde. Nígbà náà ni onílé yóò dá a padà, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ gbèsè tàbí owó àtúnṣe ohun tí ayálégbé bàjẹ́. Owó ìdógò ni ó yẹ kí a pè é, nítorí ohun tí a fi dógò kì í di ti ẹni tí ó gbà á. Kò yẹ kí a túmọ̀ rẹ̀ sí «onígbọ̀wọ́». Lóòótọ́, Faransé tún ń pe ẹni tí ó dúró fún ẹlòmíràn ní «caution», ṣùgbọ́n ènìyàn ni onígbọ̀wọ́, kì í ṣe owó.

Kí a wo yàrá kan tí owó rẹ̀ jẹ́ 8 000 sẹ́fà lóṣù. Ayálégbé san 24 000: oṣù kan jẹ́ «avance», oṣù méjì jẹ́ «caution». Ní oṣù kejì, ó gbọ́dọ̀ san 8 000, nítorí 16 000 tí ó kù kì í ṣe owó ilé. Bí ó bá rò pé òun ti san owó oṣù mẹ́ta, yóò jẹ gbèsè láìmọ̀. Bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá sì kọ «oṣù mẹ́ta» nìkan, kò ní rí ohun tí yóò fi béèrè 16 000 náà lọ́jọ́ tí ó bá ń kó jáde.

Òfin 2018-12 ti ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2018, tí ó ṣètò yíyá ilé fún ibùgbé ní Bẹ̀nẹ̀, fi ààlà sí owó tí onílé lè béèrè kí ayálégbé tó wọlé. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ owó méjèèjì kò lè mọ̀ bí a bá ti kọjá ààlà náà.

3. Àwọn ìwé

«Bail»: ìwé àdéhùn ilé.
«Quittance»: ìwé ẹ̀rí owó ilé tí a san.
«État des lieux»: àkọsílẹ̀ bí ilé ti rí nígbà tí a wọ̀ ọ́ àti nígbà tí a jáde. Òun ni ó ń fi hàn bóyá fèrèsé ti fọ́ tẹ́lẹ̀.
«Préavis»: ìfilọ̀ ìkúrò. A kì í pè é ní «ìkìlọ̀», nítorí ẹni tí a kìlọ̀ fún yóò rò pé òun ṣẹ̀.

4. Yàrá àti iná

«Entrée-coucher» ni yàrá kan ṣoṣo. «Chambre-salon» ni yàrá àti pálọ̀. Bí a bá fi «sanitaire» kún un, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wà nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ «ordinaire», ìta ni wọ́n wà. «Décompteur» ni mítà kékeré tí ń fi iye iná tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan lò hàn, nígbà tí gbogbo ilé bá ń lo mítà SBEE kan ṣoṣo.

5. Ní kíláàsì

Kí olùkọ́ má ṣe pa ọ̀rọ̀ Faransé tì, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá nínú ìwé. Kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó, kí ó sì kọ ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé ẹ̀rí 24 000 sẹ́fà náà fúnra rẹ̀ ní ìlà méjì: owó àsansílẹ̀, 8 000; owó ìdógò, 16 000. Ẹni tí ó bá lè kọ ìlà méjì yìí yóò lè béèrè pé kí onílé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún òun.