Tọ́ọ̀ṣì LED àti Bátìrì Rẹ̀

Ohun kékeré ni tọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀, tí iná mànàmáná sì lọ, tọ́ọ̀ṣì ni a kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Mo fẹ́ ṣe àlàyé bí a ti í yàn án, àti bí a ti í tún un ṣe láìfi ewu wọ ilé.

Láyé àwọn baba wa, gílóòbù tí ó ní okùn wáyà tín-ín-rín nínú ni tọ́ọ̀ṣì ń lò. Okùn náà gbọ́dọ̀ gbóná gan-an kí ó tó tàn, nítorí náà ooru ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára bátìrì. LED kò ní okùn rárá. Ìdí nìyí tí bátìrì rẹ̀ fi ń pẹ́. LED aláwọ̀ búlúù ni ó ṣòro jù láti ṣe. Nígbà tí ó ṣeé ṣe tán ni a fi ohun aláwọ̀ ìyeyè bò ó, tí ó fi di iná funfun. Nítorí iṣẹ́ yìí ni Akasaki, Amano àti Nakamura, ọmọ bíbí ilẹ̀ Japan, fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014.

Bí a bá fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì, kí a má ṣe ka iye iná ojú rẹ̀ nìkan. Bátìrì rẹ̀ ni kí a bèèrè. Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì kò rí bákan náà. Bátìrì tí kò ṣeé ṣáájì ní fólítì 1.5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì olójé, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú, ní fólítì 4. Bátìrì lithium ní 3.7.

Bátìrì olójé kò fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tí ó bá ń ṣáájì rẹ̀ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan yóò jẹ ẹ́ pẹ́. Bí ó bá kú, àwọn mìíràn a máa fi bátìrì lithium tí a yọ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Níhìn-ín ni ewu wà. Bátìrì olójé náà lè gba tó fólítì 4.8 nígbà tí a bá ń ṣáájì rẹ̀, ṣùgbọ́n lithium kò gbọdọ̀ kọjá 4.2. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí kò sì ní ohun tí í dá iná dúró. Bí lithium bá gbà á ní àgbàjù, ó lè wú, ó sì lè gbiná. Ní irú ibi bíi Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, níbi tí ìdílé kan ń gbé lórí èkejì, iná yàrá kan kì í ṣe ti onílé nìkan.

Èyí tí ó rọrùn jù ni kí a fi bátìrì olójé mìíràn rọ́pò èyí tí ó kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lithium dandan, kí ó yọ ohun ìṣáájì àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ó sì fi pátákó kékeré tí a ṣe fún lithium sí i, èyí tí í dáwọ́ dúró ní fólítì 4.2. Kí a má sì ṣe tú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó wà lójú iná, nítorí ó lè gbé ènìyàn.

Kí a ṣọ́ra fún àkọlé èké pẹ̀lú. Bátìrì lithium tí a ń pè ní 18650 fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó sì gùn tó 65. Èyí tí ó dára kì í sábà ju 3,500 mAh lọ, ó sì wúwo tó gíráàmù 45. Bí a bá kọ 9,900 sí i lára, irọ́ ni. Bí ó bá sì fúyẹ́ lọ́wọ́, kí a dá a padà fún ẹni tí ń tà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ àwọn ọmọ tí a ó fi lé wa lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti ń tú tọ́ọ̀ṣì nílé.