Láti Ẹ̀yìn Ọ̀gá dé Ojú Àgbéléwò: Ọ̀nà Iṣẹ́ Olóòtú Fíìmù ní Ilé-Iṣẹ́ Sinimá Èdè Tamil

Ìfáàrà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ń pè ní "fíìmù Íńdíà" kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Èdè Híńdì ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a mọ̀, ìlú Mumbai sì ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ilé-iṣẹ́ sinimá mìíràn wà tí ó ń lo èdè Tamil. Chennai, ìlú tí ó ń jẹ́ Madras títí di ọdún 1996, ni ibùjókòó rẹ̀. Láti ara Kodambakkam, àdúgbò kan nínú ìlú náà, ni wọ́n ti fa orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Kollywood, yọ.

Olóòtú fíìmù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyí ni ẹni tí ó ń gé àwòrán tí a ti yà, tí ó ń tò ó, tí ó sì ń so ó pọ̀ títí yóò fi di ìtàn. Báwo ni ènìyàn ṣe ń di olóòtú níbẹ̀, ta ni ó sì ń kọ́ ọ? Ìbéèrè yìí kan àwa olùkọ́, nítorí pé iṣẹ́ náà wà lára àwọn iṣẹ́ tí ìmọ̀ wọn ṣòro láti kọ sínú ìwé.

Ohun tí olóòtú ń ṣe

A kì í ya fíìmù bí ìtàn rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Ìran tí ó kẹ́yìn ìtàn lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà, wọ́n sì lè ya ìran kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ láti igun mẹ́ta. Olóòtú ni yóò sọ èyí tí yóò kù àti èyí tí yóò lọ. Ní ti fíìmù Tamil, iṣẹ́ yìí ní àwọn ìṣòro tirẹ̀. Fíìmù wọn sábà máa ń gùn tó wákàtí méjì ààbọ̀. Orin àti ijó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì máa ń dá a dúró ní agbedeméjì kí àwọn òǹwòran lè sinmi. Ibi tí ìsinmi yìí bọ́ sí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ó gbọ́dọ̀ já ìtàn ní ibi tí òǹgbẹ rẹ̀ ṣì ń gbẹ òǹwòran, kí ó má baà jẹ́ pé ilé ni yóò gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé bí gbajúmọ̀ òṣèré bá kọ́kọ́ yọjú, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ yóò hó yèè, wọn yóò súfèé. Olóòtú tí ó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pàtàkì bọ́ sí àkókò ariwo yẹn, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń yẹ fíìmù wò lábẹ́ òfin ọdún 1952 lè ní kí wọ́n yọ ibì kan kúrò. Olóòtú yìí kan náà ni yóò wá ọgbọ́n tí ojú àpá náà kò fi ní hàn.

Ìjókòó lẹ́yìn ọ̀gá

Bí a bá tọpa bí àwọn olóòtú Tamil ṣe dé ibi tí wọ́n dé, ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni a óò bá níbẹ̀. Krishnan àti Panju ni wọ́n jọ darí fíìmù Parasakthi ní ọdún 1952, Panju fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olóòtú. Lábẹ́ àwọn méjèèjì ni A. Bhimsingh ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olóòtú kí òun náà tó di olùdarí fíìmù. Ọmọ bíbí inú rẹ̀, B. Lenin, yan iṣẹ́ olóòtú. Òun àti V. T. Vijayan ni wọ́n jọ ṣe olóòtú Nayakan (1987), àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fún iṣẹ́ wọn lórí Kadhalan (1994). Lọ́dọ̀ Lenin àti Vijayan yìí ni Kishore Te ti kọ́ṣẹ́ ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí iṣẹ́ ọnà ṣe máa ń wà nínú agbo ilé kan láàárín wa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò pọn dandan kí a bí ènìyàn sínú agbo ilé yìí. Ẹni tí ọ̀gá bá gbà ti di ọmọ ilé.

Kí ni ọmọ iṣẹ́ ń ṣe níbẹ̀? Ní ayé ìgbà tí fíìmù jẹ́ ọ̀já gígùn tí a ń fi ọwọ́ gé, àwòrán 24 ni ó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀já tí ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 90 ni ó ń lọ sí ìṣẹ́jú kan. Fíìmù oníwákàtí méjì ààbọ̀ yóò gba 13,500 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí a dànù kò sì sí nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ni yóò fi nọ́ńbà sí gbogbo rẹ̀, tí yóò mú ohùn bá àwòrán dọ́gba, tí yóò so àwọn ègé rẹ̀ kọ́ létòlétò, tí yóò sì fi téèpù lẹ ojú ibi tí a gé. Ó lè dà bí iṣẹ́ ìránṣẹ́ lásán lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá ní kí ó mú ibi tí ìyá náà ti yíjú padà wá, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ọ̀gá ń sọ nínú ìyíjúpadà mẹ́fà. Yóò rí i bí ọ̀gá ti ń so ó, tí ó ń wò ó, tí ó tún ń tú u, tí ó sì ń dá àwòrán méjì péré padà sí ìdí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà náà kò ṣàìsí. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Taramani ní Chennai, tí a fi orúkọ M. G. Ramachandran sọ, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní ìlú Pune láti ọdún 1960. Àwọn méjèèjì ń kọ́ni ní iṣẹ́ olóòtú. Ẹgbẹ́ àwọn olóòtú ti gúúsù Íńdíà tún wà, tí ó wà lábẹ́ FEFSI, àgbájọ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù. Síbẹ̀, a kò mọ ìwé-ẹ̀rí kankan tí ó lè gba ipò ìjókòó lẹ́yìn ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí a wo A. Sreekar Prasad. Ìmọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó fi gboyè ní Yunifásítì Madras, kì í ṣe ìmọ̀ fíìmù. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Akkineni Sanjeevi, tí ó jẹ́ olóòtú fíìmù èdè Telugu, ni ó ti kọ́ṣẹ́, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Madras ni wọ́n ti ń ṣe fíìmù àwọn èdè gúúsù yòókù pẹ̀lú. Fíìmù èdè Híńdì, Raakh (1989), ni ó kọ́kọ́ fi gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ó yá, ó gbà á fún The Terrorist, tí Santosh Sivan darí ní èdè Tamil, àti fún Kannathil Muthamittal (2002), tí Mani Ratnam darí. Ó ti ń bá Mani Ratnam ṣiṣẹ́ láti ìgbà Alaipayuthey (2000), òun náà ni ó sì ṣe olóòtú Ponniyin Selvan apá kìíní àti apá kejì ní ọdún 2022 àti 2023. A fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí i pé ọ̀kan kò jọ ọ̀kan nínú àwọn èdè wọ̀nyí. Ohun tí ó kọ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ju èdè lọ: ìgbà tí ó yẹ kí ojú kúrò lára ènìyàn kan lọ sí ara ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé

Mahanadhi (1994) ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà Avid ṣe olóòtú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kọ̀ǹpútà kò ṣe rere. Ibi tí a gé ṣe é dá padà láìsí àpá, olóòtú sì lè dán ọ̀nà mẹ́wàá wò láàárín wákàtí kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n tètè mọ ẹ̀rọ náà, tí àwọn ọ̀gá sì nílò wọn.

Ṣùgbọ́n ó mú nǹkan kan lọ. Ọ̀gá kò tún nílò ẹni tí yóò máa gbé ọ̀já fíìmù lé e lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ lè wà ní yàrá mìíràn lóru, kí ó máa to àwòrán sílẹ̀, kí ọ̀gá sì wọlé lówùúrọ̀ kí ó dá jókòó. Àwòrán náà sì ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé ẹni tí ń fi kámẹ́rà òde òní yàwòrán kì í ra ọ̀já fíìmù mọ́. Báyìí ni ọmọ iṣẹ́ lè mọ gbogbo bọ́tìnì orí ẹ̀rọ láìtíì rí i rí bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ronú.

Ewu tí ó wà nínú èyí kò hàn sí ni tó bí ti Kishore Te. Eeram (2009) ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Aadukalam, tí ó jáde ní ọdún 2011, fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2015, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Visaranai, àìsàn dá a wólẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹta ọdún náà ní ọmọ ọdún 36. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 2016, wọ́n kéde àmì-ẹ̀yẹ kejì fún un lórí fíìmù yẹn. Ní ọjọ́ orí tí ó yẹ kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ó lọ. Àmì-ẹ̀yẹ wà, fíìmù wà. Ohun tí Lenin àti Vijayan fi lé e lọ́wọ́ kò sí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ láàárín wa máa ń ní ọjọ́ tí yóò gba òmìnira níwájú ẹbí àti ará. Olóòtú Tamil kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá dá hàn lójú àgbéléwò ni òmìnira tirẹ̀, ó sì lè gba ọdún púpọ̀ kí ó tó dé. Lójú tiwa, àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù gbé wọ inú ètò ẹ̀kọ́: kí akẹ́kọ̀ọ́ lo sáà kan gbáko nínú yàrá ọ̀gá tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ọ̀gá máa fi ẹnu sọ ìdí tí ó fi gé ibi tí ó gé, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì gé ìran kan náà ní tirẹ̀, kí wọ́n wá jókòó wo méjèèjì papọ̀.