Ẹ Dárúkọ Gbogbo Oògùn Tí Ẹ Ń Lò Kí Iṣẹ́ Abẹ Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí dókítà bá bi aláìsàn pé oògùn wo ni ó ń lò, ọ̀pọ̀ a máa dáhùn pé àwọn kò lo nǹkan kan. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀mí wewu.

Láti ọdún 1956 ni àwọn dókítà ti ń lo halothane, oògùn akunnilóorun tí a ń fà símú. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ó ń jẹ́ kí agbára adrenaline lórí ọkàn le ju bí ó ti yẹ lọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ń pèsè adrenaline nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Òun náà ni oníṣẹ́ abẹ máa ń gún sí ojú ibi tí yóò là, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, ọkàn lè máa lù ségesège, ó sì lè dáwọ́ dúró. Isoflurane àti sevoflurane kì í fa irú èyí tó halothane.

Dókítà lè díwọ̀n èyí tí òun fúnra rẹ̀ gún. Èyí tí ẹ lò nílé ni kò lè mọ̀: aminophylline tí àwọn oníkọ́ fée ń lò, ephedrine inú àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan, àti kokéènì pàápàá, bí ojú tilẹ̀ ń tini láti sọ ọ́. Ẹ kó páálí wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn.